Egbére Tó Gbé Ẹní Wá sí Greenspoint

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò ṣòro láti kó àgbàlagbà jọ kí wọ́n wá fi ère kéékèèké gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, ẹ bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Èmi fi tèmi ṣọ́ ọ. Ojú mi sì rí màbo.

Ère tí mò ń wí yìí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Iwin wà nínú wọn, aràrá onírùngbọ̀n wà níbẹ̀, òkú tó jí dìde wà níbẹ̀, àti oríṣiríṣi ẹbọra oníwo tó wọ jẹ́sì. Èèyàn méjì á to ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn sórí pápá tí a yà sórí páálí, wọn á máa ju dáìsì bí ẹni ń ta lúdò, àwọn ère á máa lé bọ́ọ̀lù, wọn á sì máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ẹni tó ra ère ló ń kùn ún ní ọ̀dà fúnra rẹ̀, ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ sì tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Adélékè ọkọ mi ní àwọn tí kò bímọ ni irú eré bẹ́ẹ̀ wà fún. Mo ti bí mẹ́ta fún un, mo ṣì ń kùn.

Bọ̀ọ̀dá Sọjí ló kọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Houston láti wá kọ́ iṣẹ́ apòògùn, n kò mọ ẹnì kankan ju òun àti ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Hàlímàt, lọ. Àwọn náà kò mọ̀ mí ju pé ẹnì kan ní Ṣàgámù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Àpátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì ni wọ́n ń gbé ní Greenspoint nígbà yẹn. Wọ́n kó ẹrù wọn kúrò nínú yàrá kan, wọ́n fún mi, wọn kò sì bi mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé ìgbà wo ni n ó jáde. Àǹtí Hàlímàt ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Tí a bá ti gun freeway, á di bẹ́líìtì àyà rẹ̀ mú, á máa ka gbogbo àdúrà tó mọ̀, á sì máa sọ láàárín rẹ̀ pé, "O ń ṣe dáadáa, Tóyìn, o ń ṣe dáadáa." Bọ̀ọ̀dá Sọjí ní tiẹ̀, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti La Porte, tó ti wẹ òórùn kẹ́míkà kúrò lára, á to ère sórí tábìlì ìjẹun.

"Tóyìn, wá jókòó," á wí. "Tí àárò ilé bá ń sọ ẹ́, ju dáìsì."

Mo jù ú títí àárò náà fi rọlẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni àìsàn rọpárọsẹ̀ dá ọkùnrin yìí wólẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í há sí i lọ́fun. Èyí tó dun èmi jù ni ẹkún. Ẹni tí n kò rí omijé rẹ̀ rí, tó bá rí ẹ̀wà lórí àwo báyìí, á bú sẹ́kún. Tí fóònù bá dún, ẹkún. Dókítà ní àìsàn náà ló fà á. Àǹtí Hàlímàt kì í bá a jiyàn, kì í sì í ní kó dákẹ́. Á fa àga, á jókòó tì í, á gbé ọwọ́ lé e léjìká títí yóò fi sunkún tán, á tó wá dìde padà sídìí ohun tó ń ṣe. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìrẹsì jóná mọ́ ìkòkò nítorí ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi kì í ṣe ọlọ́ṣà. Mo ní Bọ̀ọ̀dá Sọjí kò ní jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí ayé. Mo kéde ìdíje bọ́ọ̀lù orí tábìlì, mo fi ìdíje ọ̀dà kíkùn kún un, mo sì sọ fún un pé n kò lè dá a ṣe. Irọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ gbé e wá sí ilé wa ní Sugar Land, kí Àǹtí lè ráàyè sùn. Lọ́jọ́ kan mo na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

"Ọwọ́ ... òsì?" ó ní.

"Ọwọ́ òsì ni, Bọ̀ọ̀dá. Àbí ọwọ́ tèmi lẹ fẹ́ fi kùn ún?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kùn ún, ó bà á jẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún un kùn. Ẹ̀dá kúkúrú kan tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ abíyá ló mú nínú ère mi. Ó gé bọ́ọ̀lù náà sọ nù, ó fi pọ́tì tó rọ̀ bí amọ̀ mọ ẹní kékeré kan, ó ká a, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Nígbà tó kun omijé sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, mo pariwo. Egbére ni! Ẹni tí ìyá àgbà bá pàlọ́ fún rí ti mọ̀ ọ́n: ó kúrú, ẹní kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀, ẹkún kì í kúrò lójú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà, tó sì lè fara da ẹkún egbére títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ẹni yẹn ti di olówó.

Bọ̀ọ̀dá Sọjí fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan àyà ara rẹ̀.

"Èmi nìyí," ó ní. "Hàlímàt ló ... fara dà á. Mo fẹ́ fún un. Lójú ... gbogbo èèyàn."

Díẹ̀ ló kù kí èmi náà bú sẹ́kún. Gbólóhùn ọpẹ́ yẹn ti há sí i lọ́fun láti ọjọ́ tó ti ṣàìsàn, ère yìí ló sì fẹ́ fi sọ ọ́. A gbé e pa mọ́ kí Àǹtí má baà rí i. A fẹnu kò pé tí adájọ́ bá ti yẹ gbogbo ère wò tán lọ́jọ́ ìdíje, Bọ̀ọ̀dá ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Àsìkò yẹn ni Màámi dé láti Ṣàgámù láti wá wo àwọn ọmọ. Ìyá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ó bi mí ní ohun tí a máa fún àwọn àlejò.

"Pízà wà, Màámi. Omi wà."

"Mo ní kí ni wọ́n máa mú relé? Souvenir ńkọ́?"

"Kò sí souvenir, Màámi. Tournament ni, kì í ṣe ìsìnkú."

"Ẹ pe ọmọ ọlọ́mọ láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n wá padà lọ́wọ́ òfo? Tóyìn, mi ò tọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ó wọ kíṣìnnì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í din ṣinṣín, ó ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké. Mo sọ, mo sọ, kò gbọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn kékeré tó wà nínú ọgbà àpátímẹ́ǹtì wa àtijọ́ ní Greenspoint ni a lò. Èmi ló yàn án, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà mí. Àwọn olùdíje dé, òyìnbó, ará Mẹ́síkò, ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, oníkálukú pẹ̀lú àpótí ère rẹ̀. A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, a to àwọn ère ìdíje ọ̀dà sí i, nọ́ńbà nìkan ló wà níwájú wọn, kí Alice tó jẹ́ adájọ́ má baà ṣe ojúsàájú. Mo ní kí Màámi jókòó síbẹ̀.

"Ẹ bá mi mójú tó tábìlì yìí," mo ní. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi ló yẹ kí wọ́n nà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ìyá mi wò ó. Tábìlì aláṣọ funfun, lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan kéékèèké aláràbarà tò lọ lórí rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń to nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe souvenir? Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun padà gbọ́ràn. Nígbà tí a dá eré dúró kí àwọn èèyàn lè jáde lọ jẹun, ó ki ère kọ̀ọ̀kan bọ inú ọ̀rá ṣinṣín, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀rá sí ẹni tó bá ń kọjá: "Thank you, God bless you, greet your people." Ó fún olùdíje, ó fún ìyàwó olùdíje, ó fún ọkùnrin tó gbé pízà wá, ó fún obìnrin kan tó kàn yà wá tọ̀.

Alice ló fọwọ́ kàn mí léjìká. "Toyin, where is everybody?" Mo ro pé àwọn èèyàn ló ń wí. Mo yíjú. Aṣọ funfun nìkan ló kù lórí tábìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà.

"Màámi, ère dà?"

"Mo ti pín in tán," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán. "Díẹ̀ ló kù kó má kárí."

A kì í jágbe mọ́ ìyá ẹni lójú àlejò. Mo jáde, mo wọ mọ́tò mi, mo ti gbogbo fèrèsé, mo ké ramúramù, mo nu ojú mi, mo padà wọlé.

Ọlọ́run á bá mi san án fún àwọn èèyàn ọjọ́ yẹn. Mo gun àga, mo ṣàlàyé, wọ́n fi ẹ̀rín pa ara wọn. Kò sí ẹnì kan tó bínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá, wọ́n ń wá ère láàárín ṣinṣín bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti já kúrò nínú ìdíje ti ń wakọ̀ lọ sílé ní La Porte. A pè é, ó sì yí mọ́tò padà. Ẹni tó gbé pízà wá náà padà, ó ní òun ti gbé tòun sí iwájú mọ́tò, ó wu òun gan-an ni. Obìnrin tó yà wá tọ̀ mú tiẹ̀ wá, ó ní ṣé òun lè dá ṣinṣín dúró. Àwọn ère ń padà sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èérún ṣinṣín lórí ìwo wọn.

Egbére kò padà.

Mo bi gbogbo ẹni tó gba ọ̀rá, kò sí lọ́wọ́ wọn. Mo yẹ abẹ́ tábìlì wò, mo tú páálí pízà. Alice ní òun á dúró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ti ń wo aago. Bọ̀ọ̀dá Sọjí jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Bàbá Tófúnmi, kí ló sọ nù?" Àǹtí Hàlímàt ń bi ọkọ rẹ̀. Ó kàn ń mi orí. Ó wá wo ojú mi.

"Ó tó, Tóyìn. Jẹ́ ... kó lọ."

"Kò ní lọ síbì kankan, Bọ̀ọ̀dá," mo ní, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tó kù láti wá a sí.

Màámi ti káwọ́ gbera ní kọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Ó mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan, kò kàn mọ bó ṣe tó ni, torí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sọ, èmi sì ti bínú kọjá kí n yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí Hàlímàt ló bu omi lọ fún un. Ó mu ún tán, ó pè mí.

"Tóyìn, ṣé wọn ò tíì kó wọn dá padà tán ni? Kí lẹ tún ń wá?"

Mo dáhùn láìwo ojú rẹ̀. "Ó ku ẹyọ kan, Màámi. Egbére. Egbére kékeré tó gbé ẹní."

"Egbére tèmi?"

Mo dúró gbagidi. Màámi fa ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ yọ níbàdí, ó tú kókó tí àwọn ìyá wa máa ń di owó sí. Egbére wà níbẹ̀ láàárín kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ abíyá.

"Ẹni tó ń pín nǹkan, ṣé kò ní mú tiẹ̀ ni?" ó ní. "Gbogbo àwọn yòókù yẹn, mi ò mọ̀ wọ́n rí. Òun nìkan ni mo mọ̀ nínú wọn. Mo ní n ó mú un relé, kí n fi han àwọn ẹgbẹ́ mi pé egbére wà ní Amẹ́ríkà."

Mo kúnlẹ̀, mo gbá orúnkún ìyá mi mú, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Nígbà tí mo sọ ẹni tó ni ín fún un, ó dìde, ó gbé e lọ bá Bọ̀ọ̀dá Sọjí, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Bọ̀ọ̀dá wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀, kò gbé e. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

"Ẹ má bínú, Mà. Ọ̀tún ... ti kú."

"Ọwọ́ yìí ló ṣe é?" Màámi bi í.

"Òun ni, Mà."

"Fi gbà á, ọmọ mi. Ọwọ́ tó ṣe irú èyí, inú mi á dùn tó bá fún èmi náà ní nǹkan."

Ó fi gbà á. Alice fi gíláàsì rẹ̀ wo egbére náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì fi ipò kìíní fún aràrá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń kọ mànà. Ó tọ́ sí i. Ọ̀dà egbére kọjá ààlà níbi púpọ̀, kò sì gba ipò kankan. Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, mo ní ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Sọjí fi ọ̀pá dìde. Kò wo àwùjọ rárá, iwájú ìyàwó rẹ̀ ló lọ dúró sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti jọ kọ́ sórí ní Sugar Land fò lọ lórí rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá ti tábìlì, ó na egbére sí i.

"Hàlímàt," ó ní. "Gba ẹní. Ìwọ lo ... fara dà á."

Àǹtí Hàlímàt gbà á. Ó wo ẹní, ó wo omijé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ère náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì yé e. Obìnrin tí n kò rí kó sunkún láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé jókòó wọ̀ọ̀, ó di ère mú mọ́ àyà, ó sì bú sẹ́kún lójú gbogbo wa. Ẹnì kan fẹ́ lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, Màámi fà á lápá padà. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn pàápàá jókòó.

Bọ̀ọ̀dá Sọjí fi ẹsẹ̀ fa àga kan sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó jókòó tì í. Kò ní kó dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi sunkún tán.