Ipò Karùn-ún Nínú Mẹ́ta

Ìwọ tí o fẹ́ ka èyí, dúró ná, kí n kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ọ. Bí ọ̀gá rẹ bá gbé fọ́ọ̀mù tó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ kọ lé ọ lọ́wọ́, tó ní kí o bá òun fi bíírò sí i, má gbà á. Sọ pé ojú ń dùn ọ́. Sọ pé o ò mọ̀wé. Gàfárù ò sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi wà nídìí káńtà òtẹ́ẹ̀lì Girándórà láago méje ààrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹnjiníà kan tó ró táwẹ̀lì mọ́dìí ń bi í léèrè omi, tí ọṣẹ ṣì ń kán létí rẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà," ni ẹnjiníà náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "omi dà?"

"Wọ́n fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ báyìí báyìí, sà," ni Gàfárù fi píjìn dá a lóhùn. Ohun tó sọ lánàá nìyẹn. Ohun tó sọ níjẹta nìyẹn.

"Báyìí ti ọjọ́ wo?"

Gàfárù ò mọ̀. Ó wo táwẹ̀lì náà, ó yára gbójú kúrò.

Mẹ́fà ni wọ́n, láti Port Harcourt. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì létí odò lápá ìsàlẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri ti ń sáré wọ Onitsha. Láàárín ọdún méjì, mẹ́ta ti ṣílẹ̀kùn: Sáfírà ní GRA, Mílétà lójú ọ̀nà Nkpor, àti Girándórà yìí, tí wọ́n kọ́ sẹ́bàá títì tó sọ̀ kalẹ̀ sí Okpoko, níbi tí ọ̀gbàrá ń gbà kọjá. Gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀. Lífíìtì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ó sì ti há sáàárín òkè kejì àti ìkẹta láti ìgbà òjò.

Ilé iṣẹ́ tó ń gbé páìpù sínú ilẹ̀ ni Gàfárù ń wa mọ́tò fún. Àwọn ni wọ́n gba àwọn ẹnjiníà náà lálejò, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Bí inú bá bí wọn, tí wọ́n bá padà sí Port Harcourt, ọ́fíìsì Onitsha á tì. Gàfárù ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ta ló ń wá dẹ́rẹ́bà ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta?

Ohun tó wá ń bí i nínú jù, tí kò lè sọ síta, ni pé òun mọ òtẹ́ẹ̀lì yìí. Òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáa. Ó kọ ọ́ kedere. Wọ́n sì tún kó èèyàn wá síbẹ̀.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà fà sún mọ́ ọn. Nùsáybà ni, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí. Onitsha ni wọ́n bí i sí; Ìgbò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ.

"Baba, mo sọ fún yín," ló rọra wí. "Mo ní kí ẹ má kó èèyàn wá síbí. Àbí mi ò sọ ọ́?"

"O sọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà sùn níbí. Ẹ fojú ara yín rí i."

"Mo rí i. Mo sì kọ ọ́."

"Kí lẹ kọ?"

"Pé kò dáa."

"Ẹ kọ pé kò dáa, wọ́n wá san ti oṣù mẹ́ta? Chai. Baba, orí àwọn ọ̀gá yín yìí pé ṣá?"

Fóònù rẹ̀ dún kó tó dáhùn. Olúwẹ̀mímọ́ ni, ọ̀gá ọ́fíìsì wọn, obìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn.

"Bàbá, níbo lẹ wà?"

"Girándórà, Màdáámú. Omi ò sí. Iná ò sí. Mánéjà ní òun wà lọ́nà."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnṣọlá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Asaba láti Èkó."

"Kí n lọ gbé wọn?"

"Wọ́n ní kí ẹ má wulẹ̀ wá. Wọ́n ti wọ táksí."

Ìyẹn ló já a láyà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń lọ gbé Ògúnṣọlá, ọ̀gá àgbà wọn ní Èkó, ní pápákọ̀ òfurufú Asaba, kò sí ìgbà tó sọ pé kó má wá.

Nínú gosiloo Upper Iweka, tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ fara ha á lọ́tùn-ún lósì, Gàfárù tún ọ̀rọ̀ náà rò látìbẹ̀rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan sùn mọ́jú nínú òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yàn án fún àlejò. Olúwẹ̀mímọ́ ló kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́bọ̀ kan lóṣù tó kọjá, nígbà tó ń lọ wo ọmọ náà, ó fún Gàfárù ní fọ́ọ̀mù kan tó ní àpótí wẹ́wẹ́.

"Ẹ bá mi sùn mọ́jú nínú òtẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá. Orúkọ mi ni wọ́n máa rí. Ẹ kàn kọ nọ́ńbà sí i, láti ọ̀kan dé àrún. Omi, iná, ibùsùn, oúnjẹ, ààbò. Mo ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, kí Tóbi akọ̀wé fi ẹ̀rọ yà á ránṣẹ́ sí Èkó."

Gàfárù ò sùn ní òtẹ́ẹ̀lì rí láyé rẹ̀. Inú mọ́tò ló máa ń sùn, níta, títí àlejò á fi jí. Bẹ́ẹ̀dì funfun náà bà á lẹ́rù. Ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì, ó sùn síbẹ̀. Ohun tó fi yẹ òtẹ́ẹ̀lì wò ni omi àlùwàlá. Láago márùn-ún ìdájí, ó dìde, ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ní Sáfírà, omi gbóná jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o lọ́wọ́. Ní Mílétà, omi jáde, ó pọ́n díẹ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ní Girándórà, ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó tutọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Gàfárù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn, ó rí ìkòkò òdòdó kan. Rọ́bà ni òdòdó náà, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ gidi ló wà nínú rẹ̀. Ó fi iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe táyámúmù dípò omi, ó kírun, ó sì jókòó ti fọ́ọ̀mù.

Ó kọ ọ́ bó ṣe rí. Kí ló tún kù?

Bí Gàfárù ṣe wọ ọ́fíìsì, Olúwẹ̀mímọ́ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí ní Girándórà tó dáa tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí, Màdáámú."

"Kò sí kẹ̀? Ẹ wò ó. Omi, márùn-ún. Iná, márùn-ún. Ibùsùn, márùn-ún. Sáfírà tí gbogbo ayé ń yìn, ẹ fún un ní ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ṣe ipò kìíní."

Olúwẹ̀mímọ́ ti fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wò ó.

"Mílétà ṣe ìkejì," ni Gàfárù ń bá lọ, ohùn rẹ̀ ti ń lọlẹ̀. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níléèwé. Ẹni tó bá mọ̀wé jù ló ń gbé ipò kìíní. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, Màdáámú, mi ò gbé e rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

"Máàkì ni, Bàbá. Máàkì. Márùn-ún ló dáa jù." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ tiẹ̀ rò ó wò náà. Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni. Báwo ni ọ̀kan ṣe máa gbé ipò karùn-ún nínú mẹ́ta?"

"Ó burú kọjá ìkẹta, Màdáámú."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó jókòó.

"Ẹ gbọ́. Tí wọ́n bá mọ̀ pé mi ò sùn níbẹ̀, iṣẹ́ mi ti lọ. Ẹ kàn sọ pé ẹ̀yin lẹ wà mí lọ, ẹ̀yin lẹ wà mí bọ̀. Èmi á sọ pé ó dáa nígbà tí mo sùn níbẹ̀. Ó tán."

"Irọ́ nìyẹn, Màdáámú."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó sú mi."

Ó ti sú Gàfárù náà. Ó sú u pé ẹni tó lọ sí yunifásítì gbé ìwé fún un láìsọ èyí tó jẹ́ òkè àti èyí tó jẹ́ ìsàlẹ̀. Ó sú u pé ẹni mẹ́ta ló wo ìwé náà ní Èkó, kò sí ẹni tó fóònù láti béèrè. Kò tíì dáhùn tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.

Ògúnṣọlá wọlé pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Kò kí ẹnikẹ́ni kọjá "ẹ kú iṣẹ́". Ó jókòó, ó yọ ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó.

"Wẹ̀mímọ́, ìwọ lo sùn níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni àwọn ìlà kékeré etí ìwé yìí? Ó dà bíi pé kòkòrò ló rìn kọjá lórí ìwé."

"Bíírò ló ń da yínkì, sà."

Gàfárù gbójú sílẹ̀.

"Ó dáa," ni Ògúnṣọlá wí. Ó yíjú. "Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù, ta ló ń jẹ́ Nùsáybà?"

"Ọmọ mi ni, sà."

"Níbo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

"Girándórà, sà. Nídìí káńtà."

"Ẹnjiníà kan ló sọ fún mi lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó ní dẹ́rẹ́bà wa àti ọmọ ìdí káńtà jọ ń sọ̀rọ̀ bíi bàbá sọ́mọ." Ó wo Olúwẹ̀mímọ́. "Ṣé o mọ̀?"

Olúwẹ̀mímọ́ yíjú sí fèrèsé. "Rárá, sà. Mi ò mọ̀ pé ọmọ wọn wà níbẹ̀."

Gàfárù gbójú sókè. Olúwẹ̀mímọ́ yìí kan náà ló bá Nùsáybà kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Lórí tábìlì yìí kan náà ni. Ó tiẹ̀ ra mílíìkì fún ọmọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á.

"A á kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá Girándórà lónìí," ni Ògúnṣọlá wí. "Kí ọmọ náà ṣàlàyé ohun tó wà láàárín òun àti nọ́ńbà yìí. Tí wọ́n bá lé e, wọ́n lé e."

Gàfárù sún mọ́ tábìlì. Láti ọdún tó ti ń wa mọ́tò fún wọn, kò sọ̀rọ̀ rí nínú yàrá yìí àfi tí wọ́n bá bi í nípa epo àti táyà.

"Sà," ló wí. "Kì í ṣe yínkì."

"Kí ni kì í ṣe yínkì?"

"Etí ìwé yẹn. Kéwú ni. Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ dáadáa, mo wá fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá sí i, kí n má baà gbàgbé."

Ògúnṣọlá ti ìwé náà sí i. "Ẹ kà á."

Gàfárù fi ìka tọ ọ́ láti ọ̀tún. "Èyí tó wà níwájú Sáfírà: 'Omi gbóná láago márùn-ún. Máìgádì jẹ́ ọmọlúàbí.' Ti Mílétà: 'Omi pọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo létí fèrèsé.' Ti Girándórà." Ó sún ìka sísàlẹ̀. "'Omi ò sí. Mo fi iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò òdòdó kírun. Ọmọ mi ní kí n má mú ẹnikẹ́ni wá síbí, òótọ́ ló sọ.' Mo wá fún un ní ipò karùn-ún, sà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ka ipò níléèwé ni. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà."

Ògúnṣọlá tún ìwé náà wò, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, bí ẹni pé nọ́ńbà náà á yí padà.

"Ìkarùn-ún," ló wí fúnra rẹ̀. "Èmi náà wò ó. Mo tiẹ̀ sọ pé àrà wo ni Girándórà ń dá." Ó gbé fóònù, ó pe Sáfírà, ó béèrè yàrá mẹ́fà. Wọ́n ní ó wà. Ó béèrè bóyá omi gbóná máa ń wà láago márùn-ún ìdájí. Ó gbọ́ ìdáhùn, ó mi orí, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ lọ kó wọn kúrò níbẹ̀ tó bá yá," ló sọ fún Gàfárù. "Mi ò ní kọ̀wé nípa ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ kírun níbẹ̀ láago márùn-ún. Ta ló wá sùn níbẹ̀?"

"Èmi, sà. Orí rọ́ọ̀gì."

"Ta ló ní kí ẹ lọ?"

Gàfárù wo Olúwẹ̀mímọ́. Obìnrin náà di etí tábìlì mú, èékánná rẹ̀ ti funfun. Kò bẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wò ó. Fọ́tò ọmọ tó ń ṣàìsàn náà wà nínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, eyín méjì ló ní.

"Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù. Ta ló gbé fọ́ọ̀mù yìí fún yín?"

"Èyí tó jẹ́ tèmi ni mo sọ, sà."

"Mo gbọ́. Èyí tó kù ni mo ń béèrè."

Gàfárù yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú àpò, ó rọra gbé e lé orí tábìlì, kó baà lè yé wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, òun ò ní bá wọn jà.

"Ẹni tó kù wà níbí, sà," ló wí. "Èmi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Ògúnṣọlá bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Gàfárù dúró, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.