Ohun Tí Àbúrò Télọ̀ Sọ fún Òṣèré

Ọdún kẹsàn-án rèé tí télọ̀ ti ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ohùn tí ẹlòmíràn kì í gbọ́ máa ń bá sọ̀rọ̀. Òun ló ń mú un lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń fi oògùn lé e lọ́wọ́. Nítorí rẹ̀ ni kò ṣe lọ́kọ títí di òní.

Òṣèré kan tí wọ́n ní kó ṣe wèrè nínú fíìmù wá bá télọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n máa wá jókòó ti àbúrò yín. Mi ò fẹ́ da irun rú kí n máa jẹun lórí ààtàn bí àwọn tó kù ṣe máa ń ṣe é." Àbúrò náà gbà. Ó ní kó máa bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òṣèré fi ń wá. Bí télọ̀ bá jókòó sídìí máṣìn, ẹ̀rín àwọn méjèèjì ni yóò máa gbọ́ láti inú yàrá. Ẹ̀rín kẹ̀? Ẹni tí kì í dá òun lóhùn ju "hẹn-ẹn" lọ! Bó bá sì gbé omi wọlé fún wọn, wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́. Owú wá ń jẹ ẹ́ bíi ti orogún. Lọ́jọ́ kan, ó rán apá ẹ̀wù oníbàárà sódì.

Nígbà tí fíìmù jáde, òun àti àbúrò rẹ̀ lọ wò ó lọ́sàn-án Sátidé. Òṣèré kò ya aṣọ, kò pariwo. Abọ́ ló ń fọ̀, ó ń bẹ ohùn inú orí rẹ̀ pé kó dúró ná, kí òun ṣan èyí tó kù. "Ohùn ìyá mi ni," ló wí, "ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè lé e."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, àfi télọ̀. Kò mọ̀ rí pé ohùn ìyá àwọn tó ti kú ni àbúrò òun ń gbọ́. Kò sì sí ẹ̀gbọ́n kankan nínú fíìmù náà.

Bí wọ́n ṣe délé ló bú jáde: "Ọdún mẹ́sàn-án! Àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo wá rí sọ ọ́ fún!"

Àbúrò ń bọ́ bàtà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bi mí rí. Bóyá mo ti lo oògùn lẹ máa ń bi mí."

Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Owú náà ṣì ń ta á lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó béèrè: "Kí ni Màmá máa ń sọ?"

"Ẹjọ́ yín ló sábà máa ń rò."

"Ẹjọ́ tèmi? Kí ni mo ṣe?"

"Ó ní ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán."

Télọ̀ la ẹnu láti fèsì, ó tún pa á dé. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lè ráyè jókòó.