Ìbọ̀wọ́ Aláwọ̀ Ọsàn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Tí o ò bá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lónìí, èmi á sọ fún wọn lọ́la." Dókítà ojú ti sọ ọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: n ò gbọdọ̀ wa ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe lórí ilẹ̀, ìbáà ṣe lójú omi. Mo ní mo ti gbọ́. Èèyàn lè gbọ́ kó má gbà, àbí?

Ogún ọdún ni èmi, Télọ̀ àti Tíṣà ti ń lo ọjọ́ kan lọ́dún lórí odò, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mi. Atukọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan sitíárìn yẹn rí àfi èmi. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ló wá kù? Bàbá àgbà tó ń tòògbé níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o!" Télọ̀ pariwo bí a ṣe ń gbéra. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Tíṣà á jókòó síwájú pátápátá. Tó bá na ọwọ́ ọ̀tún, mo máa yà sọ́tùn-ún. Tó bá na tòsì, mo máa yà sósì. Lọ́jọ́ yìí, ó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò.

"Kí lèyí? Ṣé o fẹ́ lọ darí ọkọ̀ lójú títì ni?"

"Òtútù ni," ó ní.

Òtútù wo? Òógùn ń bọ́ lójú èmi. Télọ̀ ní òun lòun rán wọn, pé aṣọ kan ló ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ká sòótọ́, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu kí oòrùn tó mú. Ẹni tójú ẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ọrùn ló fi ń wòran, èjìká ló fi ń wòran. Bèbè odò ti dàpọ̀ mọ́ omi. Ìbọ̀wọ́ yẹn nìkan ni mò ń rí, mo sì ń tẹ̀ lé e, mò ń súfèé bíi pé kò sí nǹkan kan.

Lọ́sàn-án, Tíṣà bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè jẹ búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni odò ti yà. Mo kàn gbọ́ ohùn Télọ̀, "Òsì! Òsì, ìwọ ọkùnrin yìí!" Gbàà! Ọkọ̀ gun iyanrìn, Télọ̀ ṣubú lé kúlà.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Inú bí mi. "Tíṣà, ṣé búrẹ́dì ló gbà ọ́ lọ́kàn ni? O ò nawọ́!"

"Mo nawọ́," ó ní jẹ́jẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ padà, ó tún na ọwọ́ òsì. "Ṣé o rí i báyìí?"

Mo rí i. Mo yíjú sí Télọ̀.

"Kì í ṣe aṣọ tó ṣẹ́kù, àbí?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá aṣọ tójú ẹ máa rí."

"Ta ló sọ fún yín? Ìyàwó mi?"

"Ìyàwó kẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, o kí kùkùté igi, o ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá apẹja.'"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Ẹ mọ̀, ẹ sì tún wọkọ̀ tí mò ń wà?"

"A ò mọ bí a ṣe máa gbà á lọ́wọ́ ẹ," Tíṣà ní.

Ojú tì mí gan-an. Nítorí kí wọ́n lè máa pè mí ní Atukọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wọ́n sómi.

A ti ọkọ̀ kúrò lórí iyanrìn, omi mù wá dé orókún. Nígbà tá a wọlé padà, mo ní kí Tíṣà lọ sídìí sitíárìn.

"Èmi? N ò wà á rí!"

"Mo mọ̀. Èmi ni n ò jẹ́ kó o wà á."

Mo gbé ọwọ́ ẹ̀ lé e, mo fi bó ṣe máa dín eré kù hàn án. Ó ń wà á bí ìgbín. Mo bá a wí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún rẹ̀ mí, mo bá na ara mi sórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi gbogbo ara wòran. Télọ̀ ń sọ nǹkan kan nípa afárá tó wà níwájú. N ò gbọ́ ìparí ẹ̀, mo ti sùn lọ.