Bàbá Nóẹ̀lì Kì í Sọ̀rọ̀

Kí wọ́n tó fi igi lu Théophile lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ló ń rín. Abẹ́ igi máńgòrò ni Séidou, awakọ̀ wọn, gbé mọ́tò rẹ̀ sí, ní ẹ̀yìn abúlé kan ní ìhà Kpankou. Ibẹ̀ ni Honorine ti ń bá Théophile ọkọ rẹ̀ so ìbòjú mọ́ ìpàkọ́. Ojú Bàbá Nóẹ̀lì, ìyẹn Bàbá Kérésì, ni, rọ́bà pupa tó ní irùngbọ̀n òwú. Aṣọ, bàtà àti bọ́ọ̀lù ló kún inú mọ́tò. Ìjọ wọn ní Kétu ló kó wọn jọ fún àwọn ọmọ tí àgbàdo òbí wọn kò ṣe dáadáa lọ́dún náà.

"Má sọ̀rọ̀ o," ni Honorine wí. "Bó o bá lanu pẹ́nrẹ́n, wọ́n á mọ̀ pé olùkọ́ tó ń nà wọ́n ní kíláàsì ni."

"Èmi tí mo ti ń jó Kalétà láti kékeré lo ń kọ́?"

Kalétà ni eré àwọn ọmọdékùnrin tó máa ń bojú jó kiri ilé bí ọdún Kérésì bá dé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòjú ti ba eré jẹ́, ẹgbẹ́ á sì lé e. Théophile kò bà á jẹ́ rí.

Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó wọ inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn ọmọ ń fò, wọ́n ń pariwo. Ó ń fi ọwọ́ júwe, ó ń pín ẹ̀bùn, títí ó fi kan Reine, ọmọ Crépin, àgbẹ̀ kan ní abúlé náà. Bàtà tó wà nínú àpò kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí egbò, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Òmíràn wà nínú mọ́tò. Théophile gbé ọmọ náà lé èjìká, ó gba ojú ọ̀nà inú oko ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀. Honorine dúró láti tu àwọn yòókù nínú.

Ohun tí wọn kò rò ni pé ọmọ kan ti sọnù ní abúlé kejì lọ́sẹ̀ náà, àwọn ará agbègbè náà kò sì fi ojú méjèèjì sùn mọ́. Crépin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ohun pupa kan tí kò lójú ènìyàn ni wọ́n rí, ó gbé ọmọ, ó ń lọ sí ìdí mọ́tò.

"Ta nìyẹn? Sọ ọmọ mi kalẹ̀!"

Théophile rọra gbé Reine sílẹ̀. Ó mi orí, ó na ọwọ́ sí mọ́tò.

"Mo ní ta ni ọ́! Àbí o yadi ni?"

Ọmọ náà ń wò ó. Nítorí rẹ̀, Théophile fi ìka kan ètè ìbòjú: mi ò lè sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ, kó má baà mọ̀ mí.

Ìka yẹn ló kó bá a. Crépin rò pé ọmọ òun ló ń dá lẹ́kun kó má lè ké. Àdá bọ́ sí èjìká Théophile, ó ya dé ìsàlẹ̀ ọrùn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ wàyí, ṣùgbọ́n kùmọ̀ ti fọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Gbùúù ni ohùn rẹ̀ ń dún nínú rọ́bà bí ohùn ẹranko, èyí sì túbọ̀ bí wọn nínú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a ní ikùn. Séidou sáré wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi òkúta là á lórí.

Nígbà tí Honorine fi dé ibẹ̀, ẹnìkan ti ń ké pé, "Ẹ fa epo wá látinú mọ́tò! Ẹ jẹ́ ká sun ún!"

"Ọkọ mi ni! Ẹ ṣí ojú ẹ̀, ẹ wò ó!"

"Ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ jọ ń jí ọmọ!"

"Ẹ sáà ṣí i!"

Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Àwọn tó ń ṣá ènìyàn bí igi oko ń bẹ̀rù rọ́bà. Baba ńlá wọn ti kọ́ wọn pé a kì í ṣí ojú ẹni tó bojú bí eégún ní gbangba, pàápàá níwájú obìnrin. Àgbàlagbà kan wí pé, "Ẹ lù ú, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀."

Honorine rá pálá láàárín ẹsẹ̀ wọn. Igi bà á lẹ́yìn. Òmíràn bà á ní ọrùn ọwọ́, egungun sì kán. Ó ṣubú lé ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti mú kí okùn ìbòjú le, kò tú. Ó fi eyín gé e, ó sì fa ìbòjú náà ya.

Ẹnìkan kígbe:

"Yéè! Olùkọ́ ni!"

"Bàbá," ni Reine wí, "bàtà ló fẹ́ fún mi."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Crépin. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lọ́rùn Théophile. Honorine fa aṣọ ọmọdé kan yọ nínú àpò, àwọ̀ òféèfèé, tuntun, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó kán kò lágbára.

"Crépin! Wá tẹ ibí yìí."

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dárí jì..."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Tẹ̀ ẹ́!"

Wọ́n gbé Théophile sínú mọ́tò, Crépin ń tẹ ọgbẹ́ náà. Séidou wa mọ́tò náà láìsí gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lójú. Bí táyà ṣe ń bọ́ sínú kòtò ni orí Théophile ń mì lórí ẹsẹ̀ ẹni tó ṣá a. Honorine tó ń kọ́ ọmọdé láti gbàdúrà fún ọ̀tá kò rí àdúrà kankan gbà fún ọkùnrin yìí. Èpè ló kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Olúwa," ló wí nígbẹ̀yìn, "mi ò tíì lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀."

Kò yọ̀. Ènìyàn méjì ló tú ìka Crépin kúrò ní ọrùn náà nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ní Kétu. Théophile ń mí. Dókítà ní ó lè yè é, bí wọ́n bá tètè rí ẹ̀jẹ̀ fún un.

Crépin dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè gbójú sókè.

"Ṣé kí n máa lọ, Màmá?"

"Níbo? Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ ni? Jókòó síbẹ̀."

Crépin ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì jókòó.