Àwọn Ológun Tánńganran Wieland

Nínú gbogbo ère ológun tánńganran tí Wieland Brömmel kó jọ sí ilé rẹ̀ ní Landshut, ti ológun kan tó gun ẹṣin ló fẹ́ràn jù. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é ní Jámánì níbẹ̀, irú rẹ̀ sì ti wọ́n bí ojú. Wieland, oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn nu eruku ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Madelon, ìyá ọkùnrin tí Friedlinde ọmọ Wieland fẹ́ fẹ́, wá kí wọn láti Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n mu kọfí, wọ́n jẹ kéèkì, ẹ̀rín ń sọ, títí Madelon fi dìde lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí àwọn ère náà wà.

"Àna mi, ṣé mo lè gbé ẹlẹ́ṣin yìí wò?"

"Ẹ gbé e, ṣùgbọ́n ẹ rọra o! Tó bá fọ́, kò síyàwó fún ọmọ yín mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Madelon dojú ère náà dé, ó wo àmì ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ yìí. Ẹlẹ́wọ̀n ni. Inú àgọ́ tí ìjọba Násì kó wọn sí ni wọ́n ti ń kó wọn lọ ṣe é. Ẹsẹ̀ ẹṣin kan kán mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n nà án títí apá rẹ̀ ò fi ṣeé gbé sókè mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ló ń ṣe é?"

Wieland mọ̀. Òun gan-an ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn tí wọ́n jọ ń kó ère jọ, bí ẹni ń fi ohun ìní rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Rárá o. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?"

Madelon rọra gbé ère náà padà. Ìgbà tó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tán ni Friedlinde tó lanu.

"Bàbá, ẹ wojú obìnrin yẹn, ẹ parọ́!"

"Ojú ló tì mí."

"Ojú wá ń tì yín! Ṣé kò tì yín nígbà tí ẹ̀ ń rà wọ́n?"

Wieland dìde. Ó wọ kóòtù, ó tọ Madelon lọ, ó bá a níbi tó ti ń mu tíì nísàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì.

"Mo mọ̀," ló wí lórí ìdúró. "Mo mọ̀ kí n tó ra èyí àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Irọ́ tí ẹ pa fún mi, mo ti forí jì yín. Ti bàbá mi ńkọ́? Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá a dárí jì yín?"

"Ṣé kí n fọ́ wọn ni?"

"Kí ẹ fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀? Torí ẹsẹ̀ ẹṣin kan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, ẹ wá fẹ́ fọ́ odidi ẹṣin!"

Wieland kó gbogbo ère náà fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbi tí àgọ́ náà wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ síwájú wọn pé ẹlẹ́wọ̀n ló ṣe wọ́n. Ó rò pé ara á tu òun. Kò tù ú.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rẹ́ ọkọ kan gbé ife sókè. "Bàbá ìyàwó, ọ̀làwọ́ ni yín! Ta ló lè kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tọrẹ?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Madelon ò pàtẹ́wọ́. Bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún Wieland lára ni àtẹ́wọ́ náà rí.

Ó dìde. "Ẹ dákun, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mọ ìyà tó jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ṣe àwọn ère náà, mo sì tún ń fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ mí ni mo tó kó wọn sílẹ̀."

Ó ṣì wà lórí ìdúró. Madelon ló na ọwọ́, tó fa àga sẹ́yìn fún un kó lè jókòó.