Ẹ Dá Igbe Pẹ́dà Mi Padà

1

…ó tún tẹ̀ ẹ́.

Gbìm.

Ìyẹn nìkan. Gbìm lásán, bí ẹni ju àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀.

Bàbá Rọra yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ìlù ńlá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé e bíi dókítà. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ wá sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Pẹ́dà tó ti ń ké láti ọdún gbọ́nhan ti dákẹ́ lójijì. Ó ń dán yinrinyinrin, ó sì ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

"Wọ́n ti pa á," ló wí.

Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá ìdánrawò. Àwọn ìlù rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má dá a lóhùn.


2

(Èyí wà lára àpótí ìlù, lójú gbogbo ayé.)

SÍ ẸNIKẸ́NI TÓ BÁ FẸ́ YÁ ÌLÙ MI LÓDE ERÉ

Kọ́kọ́ tọrọ. Má ṣe dé òde eré tán kí o wá máa wojú mi bí ọmọ ẹran.

Ọ̀pá ìlù tìrẹ ni kí o mú wá. Àga tìrẹ náà, bí ìdí rẹ bá wúwo. O mọ ara rẹ.

Má gbé ife lé ìlù lórí. Ìlù kì í ṣe tábìlì.

Bí o bá sún nǹkan kan, sún un padà.

Bí o bá làágùn sí i, nù ún.

Bí o bá bà á jẹ́, sọ. Mi ò ní lù ọ́. Màá kàn wò ọ́.

BÍ O ṢE GBÀ Á NI KÍ O ṢE DÁ A PADÀ.

RỌRA!

(Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.)


3

Ẹni tó yá ìlù ni onílù ẹgbẹ́ olórin kejì, tí wọ́n jọ ń lo gbọ̀ngàn kan náà. Ọmọlúàbí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó máa ń kí àga kó tó jókòó lé e.

BÀBÁ RỌRA: Kí lo fi pẹ́dà mi ṣe?

ỌMỌLÚÀBÍ: Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé ńkọ́?

BÀBÁ RỌRA: Ilé wà. Pẹ́dà ńkọ́?

ỌMỌLÚÀBÍ: Áà, ẹ ti rí i! (Ó rẹ́rìn-ín.) Ó ń ké nígbà tí mo gbà á, sà. Ó ṣe mí láàánú. Mo tú u, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo wá fi gíríìsì pa ìdè ìdí rẹ̀. Ẹ má dúpẹ́ o.

BÀBÁ RỌRA: Mi ò dúpẹ́.

ỌMỌLÚÀBÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní kí ẹ má dúpẹ́.

BÀBÁ RỌRA: Kí ni mo kọ sára àpótí?

ỌMỌLÚÀBÍ: "Bí o ṣe gbà á ni kí o ṣe dá a padà." Mo rò pé àwọn tó ń ba nǹkan jẹ́ lẹ ń bá wí, sà.

BÀBÁ RỌRA: Dá igbe mi padà.

ỌMỌLÚÀBÍ: Sà?

BÀBÁ RỌRA: Igbe tó wà nínú pẹ́dà nígbà tí mo gbé e fún ọ. Èmi ni mo ni ín. Dá a padà kí ọjọ́ Sátidé tó dé.


4

Àṣejù, baba àṣetẹ́.


5

Ó yẹ ká sọ bí igbe ṣe di ohun tí àgbàlagbà ń wá kiri.

Ìdí pẹ́dà ní ìdè kan, híńjìsì, bíi ti ilẹ̀kùn. Bí Bàbá Rọra bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ìdè náà á ké: kwíìn. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ìlù ńlá á dún: gbìm. Igbe ló máa ń ṣáájú, bí ẹni tó kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.

Àwọn tó wá wòran kì í gbọ́ ọ. Ẹni tó dúró nítòsí ìlù ló ń gbọ́ ọ, ẹni náà sì ni olórin ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá Rọra obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an.

Ohùn Ẹ̀gbọ́n dùn. Ẹni tó bá ní kò dùn, kó lọ fọ etí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni kò ti mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé. Orin á ti gbéra, á ti rìn jìnnà, kó tó rántí pé òun náà wà lára àwọn arìnrìn-àjò. Nígbà tó wà níléèwé, olùkọ́ orin lé e kúrò láàárín àwọn akọrin nítorí rẹ̀, lójú gbogbo kíláàsì. Ó sunkún délé. Àbúrò rẹ̀ kékeré ló bá a gbé báàgì lọ́jọ́ náà. Kò gbàgbé.

Ọjọ́ tí pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lásìkò. Kwíìn, á mí sínú. Gbìm, á kọrin. Kò pẹ́ lẹ́yìn mọ́. Ó máa ń fọ́nnu pé àgbà ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ mọ ohun tó ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n, wọ́n sì pa ẹnu wọn mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, eré wà ní gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló pe olùkọ́ orin yẹn. Ó ti fi àga sílẹ̀ fún un níwájú pátápátá.


6

ÌDÁNRAWÒ, ỌJỌ́BỌ̀

Gbìm.

Gbìm.

(Ẹ̀gbọ́n ń wo àjà.)

Gbìm.

ONÍGÌTÁ: Ẹ wọlé, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti ń bọ̀.

Gbìm.

(Àwọn yòókù ti dé ìlà kejì. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní, pẹ̀lú ẹ̀rín.)

ONÍGÌTÁ: A ti kọjá ibẹ̀, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń lé yín? Ẹ̀yin lẹ sáré.

BÀBÁ RỌRA: Òótọ́ ni. Àwa la sáré.

ONÍGÌTÁ: Àwa kẹ̀?

BÀBÁ RỌRA: (Ó wò ó.) Àwa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ jẹ́ kí n lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n padà wá.

(Ó pẹ́ níbẹ̀.)


7

[Ẹnì kan yá ìpín keje. Kò tíì dá a padà.]


8

Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ẹgbẹ́ lórí fóònù, níbi tí Ẹ̀gbọ́n kò sí:

Onígìtá: Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ òótọ́ fún wọn.

Bàbá Rọra: Ìwọ ni kó o sọ.

Onígìtá: Èmi kọ́ o. Mo ṣì fẹ́ jẹun láyé.

Ọmọlúàbí: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú ìfaradà. Ẹ kú ọ̀rọ̀ pẹ́dà.

Onígìtá: Ta ló fi èyí síbí?

Bàbá Rọra: Èmi ni. Òun ló gbé igbe mì, òun ló máa bì í.

Ọmọlúàbí: Ẹ ṣé tí ẹ pè mí, sà.


9

OHUN TÍ WỌ́N ṢE KÍ PẸ́DÀ LÈ KÉ

Ọṣẹ ìfọṣọ. Ó tún mọ́ sí i ni.

Omi iyọ̀. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ mọ́jú. Kò dógùn-ún.

Iyanrìn. Ó dún ràkàràkà. Ìyẹn kì í ṣe igbe. Ikọ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀. Onígìtá ló dá a lábàá. Wọ́n bẹ pẹ́dà.

Èébú.

Ọmọlúàbí.


10

Èyí tó kẹ́yìn yẹn fẹ́ àlàyé.

Ọmọlúàbí ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun lòun jẹ̀bi, òun á lúgọ sẹ́yìn ìlù ńlá lọ́jọ́ eré, òun á máa fi ẹnu ké. Wọ́n da aṣọ dúdú bò ó. Wọ́n dán an wò.

LÁBẸ́ AṢỌ: Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kwíìn.

Gbìm.

LÁBẸ́ AṢỌ: Ẹ má bínú, sà. Kwíìn.

Gbìm.

BÀBÁ RỌRA: Ké lásán! Má tọrọ àforíjì.

LÁBẸ́ AṢỌ: Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń já lu ọ̀rọ̀ yín ni, sà.

BÀBÁ RỌRA: Já lù ú! Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn! Ké!

LÁBẸ́ AṢỌ: Ẹ ṣeun, sà. Kwíìn.


11

Inú bí Bàbá Rọra débi pé ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n. Ó fi ìbínú ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

KWÍÌN.

Ó dúró.

Ó fà á padà. Kwíìn.

Ó tì í. Ó fà á. Ó tì í. Ohùn náà ni. Ohùn náà gẹ́lẹ́ ni, bí ìbejì. Ìtọ̀ tó gbé e wá, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.


12

Ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ni Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́. Bó bá ń rìn, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé náà á máa jó nídìí rẹ̀.

ÌYÁ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́: O fẹ́ yá kí ni?

BÀBÁ RỌRA: Híńjìsì, mà. Ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí eré bá ti parí, màá dá a padà.

ÌYÁ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́: Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé èèyàn wà nínú ibẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mi ò gbọ́ ọ, àlejò pàtàkì kan ni mo tì mọ́ inú gbọ̀ngàn.

BÀBÁ RỌRA: Bí mo ṣe gbà á ni màá ṣe dá a padà, mà.

ÌYÁ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń wí. O ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. O ò gbọdọ̀ nù ún. Bí epo bá fi lè kàn án, mi ò ní bá ọ jà. Màá kàn wò ọ́.

BÀBÁ RỌRA: Epo ò ní kàn án, mà.

ÌYÁ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́: Kó o sì rọra tú u.

(Bàbá Rọra gbójú sókè. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí láyé.)

ÌYÁ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́: Kí ló tiẹ̀ ń ṣe ẹ̀yin ará ilé yín àti ilẹ̀kùn mi? Lọ́jọ́bọ̀, mo ti gbé epo lọ́wọ́ báyìí kí n da sí i. Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ló gbá mi lọ́wọ́ mú.

BÀBÁ RỌRA: Ẹ̀gbọ́n mi?

ÌYÁ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́: Ó dúró síbẹ̀ yẹn, ó ń ṣí i, ó ń tì í, ó ń kọrin sí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa á. Irú ẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí mo máa wọlé fún mi." Ó ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀ pé òun mọ̀. Ó ní o ti fi ara ṣe wàhálà tó láti ọjọ́ yìí wá, inú ẹ á bà jẹ́. Háà. Mo ti sọ ọ́. Gba sùkúdíráfà.


13

Ó sunkún díẹ̀, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni méjì kọjá. Wọ́n kí i.


14

ÀKÍYÈSÍ

ILẸ̀KÙN TI LỌ ṢERÉ.

Ẹni tó bá wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó máa kọrin.

Ẹni tó bá ń bọ̀, tó sì gbọ́ orin, kó dúró.

Orin kúkúrú ni o!

— Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́


7

[Wọ́n ti dá a padà. Wọ́n nù ún mọ́ tónítóní kí wọ́n tó dá a padà.]







15

Sátidé. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Gbọ̀ngàn kún.

Ọmọlúàbí ń de híńjìsì náà mọ́ ìdí pẹ́dà lórí ìkúnlẹ̀. Ìdè ilẹ̀kùn kò fẹ́ gba ihò pẹ́dà. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Bó ṣe de sùkúrù tó kẹ́yìn pa ni wọ́n kéde orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Kò sáyè kí wọ́n dán an wò. Ọmọlúàbí dìde, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí ó má baà nu nǹkan kan, ó fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀.

Olùkọ́ orin wà níwájú pátápátá. Ó ti darúgbó. Ó ká apá mọ́ àyà síbẹ̀, bíi ti ọjọ́ tó lé Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n dúró ti ìlù, ó sún mọ́ ọn ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Onígìtá ta okùn kan, ó dúró. Gbogbo ilé dákẹ́. Láti ẹ̀yìn ọ̀nà, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnì kan ń kọrin kúkúrú, ó sì ń fi gbogbo agbára kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n kò wo àwọn èèyàn. Kò wo olùkọ́. Bàtà àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

Bàbá Rọra rí i pé ó ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rí i pé ó rí i. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ni.

Bàbá Rọra gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó gbé e ju bó ṣe tíì gbé e rí lọ, títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, kó lè jẹ́ pé bí etí ò bá gbọ́, ojú á rí.

Ẹ̀gbọ́n mí sínú.