Kámẹ́rà Ẹ̀yìn Ilé Onítáyà

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá mọ́jú òní ṣì ń bí mi nínú. Ilé wa ní Ìkirè ló hu táyà! Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, èmi sì ń de kámẹ́rà mọ́ ọn lẹ́yìn, kí n lè rí ọ̀nà tí mo bá ń rìfáàsì. Bí mo bá lu ihò tán, ihò á tún pa dé pinpin bí ẹnu ọmọdé tó kọ àgbo. Wáyà tí mo bá fà dé iwájú ọkọ̀ á ti tún kúrú. Mo ṣépè títí, mo gbá táyà nípàá.

Nígbà tó yá, àwòrán yọ lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú mi. Màámi tó ti kú ni! Ó dúró lẹ́yìn ilé, ó ń juwọ́ bó ṣe máa ń ṣe fún bàbá mi tó bá ń rìfáàsì lọ́rì rẹ̀: "Máa bọ̀, máa bọ̀, yí i sọ́tùn-ún díẹ̀."

Mo pariwo pé, "Màámi, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ dí kámẹ́rà lójú!"

Wáyà já, tẹlifíṣọ̀n ṣú, mo jí.

Jọ̀ọ́, má túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn mi gan-an ni ìyá mi dúró sí, Kọ́lá. Ọrùn lásán ni mo ní láti yí kí n lè rí i lójúkojú, mi ò yí i.